Adájọ́ Ìwé àti Iṣu Ìyá Dùnmínínú

Bí ẹ bá dé àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó fi ìwé mẹ́ta há abíyá, tí awò ojú rẹ̀ wà ní góńgó imú, tó ń rìn bí ẹni tó ni títì, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tí í ṣe. Ẹ kàn yà fún un. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè ni o! Ọlálérè Adájọ́ Ìwé! Ọlálérè Òṣùwọ̀n Ọgbọ́n! Afojú-kan-ka-ojú-ìwé-ọgọ́rùn-ún! Èmi kọ́ ni mo fún un lórúkọ wọ̀nyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ wọ́n sára káàdì tó ń pín kiri, ó sì ní kí wọ́n kà wọ́n tán pátá kí wọ́n tó pe òun dìde níbi àpèjọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń yẹ ìwé ìtàn wò. Kì í ṣe ti àwọn ọ̀gbóǹtarìgì tí gbogbo ayé mọ̀ o. Àwọn yẹn ò mọ̀ bóyá wọ́n bí i. Ti àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ wọn rí ni: tíṣà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ tẹ̀wé. Bí irú wọn bá fẹ́ kó ìwé jáde lọ́dọ̀ wa, wọ́n á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á pe alága, wọ́n á sì wá ẹni tí yóò dìde níwájú èrò, tí yóò sọ ohun tó wà nínú ìwé náà àti bó ṣe dára tó. Láìsí ẹni yẹn, ayẹyẹ ò pé. Ibẹ̀ ni Ọlálérè ti rí oúnjẹ.

Mo ní oúnjẹ, mi ò ṣàwàdà. Kì í gbowó. "Owó á ba ìdájọ́ mi jẹ́," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Iṣu ló ń gbà. Bí o bá kó iṣu mẹ́wàá tó ta gbọ̀ọ̀rọ̀ wá, ìwé rẹ di iṣẹ́ ribiribi tí irú rẹ̀ ò jáde rí. Bó bá jẹ́ márùn-ún, "ó dára, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó." Bí kò bá wá tó márùn-ún, kí Ọlọ́run kó o yọ.

Èmi Akínwálé mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo ń ta ìwé lórí tábìlì nítòsí oríta. Bí Adájọ́ bá ti dájọ́ tán, ọ̀dọ̀ mi ló ń kó àwọn ìwé náà wá. Àwọn tó ní òun kà lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta! Wọ́n á ṣì wà nínú ọ̀rá tí òǹkọ̀wé fi wé wọn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ka eléyìí láìya ọ̀rá rẹ̀?"

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Akínwálé, tìẹ ni kó o tà á. Ẹni tó bá mọ iṣu, ṣé ó dìgbà tó bá bó o kó tó mọ èyí tó dára?"

Mo pa ẹnu mọ́, mo tà á. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni Saadat kó sí i lọ́wọ́. Aránṣọ ni Saadat, ọmọ Ìgèdè-Èkìtì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí tábìlì mi. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi kọ ìtàn kan tó pè ní *Òjò Ìgèdè*. Ẹ̀yìn ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà ló ń kọ ọ́ sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní nígbà tó parí rẹ̀. Ó ta ọ̀kan, ó fi tẹ ìwé. Bí wọ́n ṣe kó ìwé náà dé, abẹ́ tábìlì tó ti ń gé aṣọ ló kó wọn sí, kò wá ríbi na ẹsẹ̀ sí mọ́.

Ìrètí kan ṣoṣo ló ní. Ọ̀gá Ọláyíwọlá, tíṣà àtijọ́ tó wá di olórí àwọn tó ni ilé ìwé aládàáni ní agbègbè wa, gbà láti ṣe alága níbi ìkówèéjáde náà. Ó ní bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ìwé náà dára, àwọn yóò mú un fún àwọn ọmọ ilé ìwé àwọn láti máa kà. Bí kò bá dára, ó dìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn wo? Ẹni tó ti ta ẹ̀rọ!

Lọ́jọ́ tó lọ gba ìwé lọ́wọ́ Mutallib onítẹ̀wé, òjò ṣú. Saadat kánjú fa ẹyọ kan yọ lórí káńtà, ó fi ọ̀rá wé e dáadáa kí omi má baà bà á jẹ́, ó ní ti Adájọ́ nìyẹn. Èmi ni mo sìn ín lọ sílé Ọlálérè. Iṣu kan ṣoṣo ló gbé dání. Ìyá Dùnmínínú, arúgbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ní Ìgèdè, ló wa á fún un. Ọ̀kan yẹn náà ló kù lóko màmá náà.

"Kí lèyí?" Ọlálérè bèèrè.

"Ìwé mi ni, sà."

"Mo rí ìwé. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mò ń bi ọ́."

"Iṣu ni, sà. Ẹ má bínú, ọ̀kan la rí."

"Ọ̀kan?" Ó gbé iṣu náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi èékánná họ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o: ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí i tó yẹ nǹkan wò dójú àmì nìyẹn. Ìwé ńkọ́? Ó gbé e sórí fìríìjì. "Ọmọ mi, ìwé àti iṣu, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí iṣu bá kéré, ìwé náà ò lè tóbi. Máa lọ. Màá kà á."

Ní ọjọ́ kejì, Mutallib wá bá mi lóríta, ó ń làágùn. "Bọ̀ọ̀dá Akínwálé, ẹ ò bá mi rí dọ́mì mi?"

Kí onítẹ̀wé tó tẹ ìwé gan-an, ó máa ń kọ́kọ́ di ẹyọ kan tí oníbàárà yóò fi mọ bí ìwé náà yóò ṣe nípọn tó. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ á pé, àwòrán á wà níbẹ̀, orúkọ òǹkọ̀wé náà á wà níbẹ̀. Inú rẹ̀, bébà funfun lásán. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní dọ́mì. Mutallib máa ń fi àmì pupa sí ìdí tirẹ̀ kó má baà dà pọ̀ mọ́ ojúlówó. Mo ní mi ò rí i. Ó lọ. Mi ò tún ronú kàn án mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ ìkówèéjáde pé. Ọ̀sán Sátidé ni, gbọ̀ngàn kún. Ìyá Dùnmínínú náà wá láti Ìgèdè, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn wà. Olùdarí ètò ka gbogbo oríkì orí káàdì tán, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ọlálérè wá dìde, ó gbọn agbádá, ó gbé *Òjò Ìgèdè* sókè. Ọ̀rá ń dán lára ìwé náà.

"Alága, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì! Mo ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹta! Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ korò. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nínú ìwé yìí! Ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ, kò sí ojú ìwé kan tí ojú èèyàn ti lè sinmi. Ìtàn náà tún ṣókùnkùn, ó dúdú kirikiri, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀. Tí a bá tún wá ní ká sọ ti àṣìṣe! Àṣìṣe tí mo kà lójú ìwé kan péré lé ní ogún. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aránṣọ ni ọmọbìnrin yìí. Kó padà sídìí aṣọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Saadat tẹrí ba níwájú, ó ń fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi burúkú, àní sí ara mi. Mo bojú wo Ọ̀gá Ọláyíwọlá. Ó ti dé bírò rẹ̀, ó ti fi sápò. Mo ní ó parí.

Ṣùgbọ́n baba náà gba máìkì. "Ẹ ṣeun, Adájọ́. Tíṣà ni mí. Bí mo bá sọ fún ọmọ pé ó ṣe àṣìṣe, mo gbọ́dọ̀ fi hàn án kó lè rí i kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ojú ìwé tí àṣìṣe ogún wà yẹn fún wa."

"Kò pọn dandan, sà."

"Ó pọn dandan o. Ẹ kà á."

Ọlálérè bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rá. Máìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń gbọ́ ọ: ràkàràkà, ràkàràkà.

"Ah-ah! Ṣé láti ìta ọ̀rá lẹ ti kà á ni?" obìnrin kan ké láti àárín.

"Nítorí eruku! Mo fi wé e padà ni!" Ó ṣí ìwé. Ojú rẹ̀ là wàì. Ó ṣí iwájú, funfun. Ó ṣí àárín, funfun. Ó ṣí ẹ̀yìn, funfun bí iyán.

"À ń gbọ́ yín," Ọ̀gá Ọláyíwọlá wí.

"Mo... mo gbàgbé awò ojú mi sílé."

"Ó wà lójú yín!" Gbogbo gbọ̀ngàn ló dáhùn.

Ìgbà yẹn ni Mutallib fò dìde lẹ́yìn. "Ẹ gbà mí o! Dọ́mì mi rèé! Ẹ wo àmì pupa nídìí rẹ̀!" Ó sáré dé iwájú, ó já ìwé náà gbà, ó ṣí i han gbogbo èrò. "Èmi ni mo dì í! Mi ò tẹ nǹkan kan sínú rẹ̀!"

Yéè! Ariwo sọ. Àwọn kan dorí kodò tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Ọlálérè nàka sí Saadat. "Jìbìtì rèé! Ọmọ yìí ló fẹ́ dójú tì mí! Ìwé òfìfo ló gbé fún mi!"

Saadat dìde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀, òjò ló jẹ́ kí n ṣì í mú. Ká ní ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà ni, ẹ̀ bá ti pè mí, ǹ bá sì ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lọ́dọ̀ yín, sà."

Ọ̀rọ̀ tutù yẹn ló pa á jù. Ọ̀gá Ọláyíwọlá mi orí. "Àṣìṣe ogún," ló wí jẹ́ẹ́, "lójú ìwé òfìfo." Ó wá yíjú sí Saadat. "Dìde, ọmọ mi. Mú ojúlówó, kà á fún wa fúnra rẹ."

Saadat mú un, ó kà á. Ó ka ibi tí obìnrin kan sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta tí òjò sì ń bọ̀, tí ọmọ rẹ̀ kékeré náà wà lójú ọ̀nà ilé ìwé, tí ìyá náà dúró láàárín, tí kò mọ èyí tí òun yóò kọ́kọ́ sáré sí. Kó tó parí ojú ìwé kejì, Ọ̀gá Ọláyíwọlá ti yọ bírò rẹ̀ jáde.

"A mú un," ló wí. "Gbogbo ilé ìwé wa."

"Àlùhámúdùlílàhì!" Saadat bú sẹ́kún.

Ọlálérè rò pé ojú ti kúrò lára òun. Ó rọra ń yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, àfi bí ọwọ́ kan ṣe di etí agbádá rẹ̀ mú. Ìyá Dùnmínínú ni.

"Dúró ná," ló fi ohùn Ìgèdè wí. "Mutallib, mú ùwé yẹn wá, kí èmi náà kà á." Mutallib gbé dọ́mì fún un. Màmá fi itọ́ tọ́ ìka, ó ṣí ojú ìwé kan, ó ṣí òmíràn, ó ń mi orí bí ọ̀mọ̀wé. "Èmi ò lọ sílé ùwé rí, àmọ́ èyí yé mi yékéyéké. Ọ̀rọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ lóòótọ́."

Ẹ̀rín tún bẹ́. Màmá ò rẹ́rìn-ín, kò sì tú agbádá sílẹ̀.

"Usu mi ńkọ́?"

"Ìyá, mo... mo ti jẹ ẹ́."

"Ṣó o bó o kó o tó jẹ ẹ́?"

"Mo bó o, mà."

"Ṣó o gé e, o wo inú rẹ̀?"

"Mo wò ó, mà."

"O ò ṣe ṣe ùwé ọmọ mi bẹ́ẹ̀?"

Màmá tú agbádá sílẹ̀. Ọlálérè Adájọ́ Ìwé, Òṣùwọ̀n Ọgbọ́n, kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí èrò dí pa, ó ń ní, "Ẹ gáfárà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gáfárà," kò sì sẹ́nì kan tó yà fún un.