Ẹgbẹ̀rin Ẹsẹ̀ Létí Odò Mowé

Ẹnìkan bi mí léèrè rí pé ẹsẹ̀ mélòó ni ènìyàn ní. Mo ní ó kù síbi tí wọ́n ti ń kà á.

Létí odò tó wà láàrin Mowé àti Ìbàfò ni, ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, lọ́dún 1954. Igi ọ̀pẹ méjì ni wọ́n dá bùúbùú sórí omi; òun ni afárá. Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ìwádìí iná mànàmáná nílé-ẹ̀kọ́ gíga, jókòó létí afárá nínú ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Ó ti tẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan sí ẹnu afárá. Wáyà méjì ti abẹ́ pákó náà lọ sínú àpótí onígíláàsì kan, bátìrì ọkọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sùwéébátù, àgbà obìnrin Mowé tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà, dé pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ó dúró. Kò gun pákó.

LÁSÚNKÀNMÍ: (Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kò fi wáyà sílẹ̀.) Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa kọjá.

SÙWÉÉBÁTÙ: Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí ló wà lábẹ́ pákó yìí?

LÁSÚNKÀNMÍ: Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ṣé ó máa ń géni jẹ?

LÁSÚNKÀNMÍ: Rárá o. Kíkà ló ń kani. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, wáyà á kan wáyà, iná á sáré jáde nínú bátìrì, aago á dún, nọ́ńbà á sì sún síwájú. Ẹsẹ̀ kan, nọ́ńbà kan.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ta ló rán ọ?

LÁSÚNKÀNMÍ: Ìjọba. Odò méjì ló ń tọrọ afárá símẹ́ńtì, ẹyọ kan ni wọ́n sì lè ṣe. Símẹ́ńtì náà wà ní ìdíkọ̀ rélùwéè Ifọ̀ báyìí. Bí irínwó ènìyàn bá kọjá níbí láàárín àfẹ̀mọ́júmọ́ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni lọ́rì á kó o wá. Tẹ́lẹ̀ rí, akọ̀wé ni wọ́n máa ń ní kó jókòó kà á, akọ̀wé á sì sùn. Ẹ̀rọ mi kì í sùn.

SÙWÉÉBÁTÙ: Mélòó ló ti kà láti àárọ̀?

LÁSÚNKÀNMÍ: (Ó wúkọ́.) Ẹsẹ̀ méjìlá. Ìyẹn ènìyàn mẹ́fà.

SÙWÉÉBÁTÙ: Lọ́jọ́ ọjà?

LÁSÚNKÀNMÍ: Ó ya èmi náà lẹ́nu. Ó jọ pé Mowé ò ní èrò, Ìyá.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ènìyàn mẹ́fà wo lo rí?

LÁSÚNKÀNMÍ: Mi ò wojú wọn. Àkàrà ni mò ń jẹ lọ́wọ́. Aago dún lẹ́ẹ̀méjìlá, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ewúrẹ́ mi mẹ́ta ló kọjá.

(Lásúnkànmí ṣí ìwé rẹ̀.)

LÁSÚNKÀNMÍ: Mẹ́ta?

SÙWÉÉBÁTÙ: Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin.

LÁSÚNKÀNMÍ: (Ó ṣírò ó sínú ìwé.) Mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, méjìlá. Ó bára mu. Ẹ̀rọ ò ṣìṣe.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ewúrẹ́ kan wá di ènìyàn méjì.

LÁSÚNKÀNMÍ: Lójú ẹ̀rọ ni.

SÙWÉÉBÁTÙ: Èyí tó dúdú nínú wọn, mi ò lè fún un ju ààbọ̀ lọ.

LÁSÚNKÀNMÍ: Àwọn ènìyàn gan-an wá dà?

SÙWÉÉBÁTÙ: Gbójú sókè. Wo ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún.

(Ó wò ó. Èrò pọ̀ nínú omi: obìnrin ká ìró dé orúnkún, ẹrù wà lórí, ọmọ wà lẹ́yìn. Ọkùnrin kan gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé èjìká.)

LÁSÚNKÀNMÍ: Kí ni wọ́n ń wá nínú omi, nígbà tí afárá wà nílẹ̀?

SÙWÉÉBÁTÙ: Ìwọ ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n gbọ́ pé ẹ̀rọ kan dé tó ń ka ènìyàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

LÁSÚNKÀNMÍ: Ìyá, ọ̀rúndún ogún la wà.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ìyẹn náà, ta ló kà á?

LÁSÚNKÀNMÍ: Kí ló máa ń ṣe ẹni tí wọ́n bá kà?

SÙWÉÉBÁTÙ: Ó máa ń dín. Ìyáálé mi ka òròmọdìẹ rẹ̀ lọ́sàn-án, mọ́kànlá. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá. Ká ní kò kà á ni, ta ni ìbá mọ̀ pé ọ̀kan sọnù?

LÁSÚNKÀNMÍ: Àṣá ló gbé e.

SÙWÉÉBÁTÙ: Àṣá náà gbọ́ iye tó pè.

LÁSÚNKÀNMÍ: (Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà.) Kò burú. Màá kọ ọ́ pé ewúrẹ́ mẹ́ta ló ń gba afárá Mowé. Kí wọ́n gbé símẹ́ńtì lọ sí odò kejì.

(Sùwéébátù sọ agbọ̀n ìrẹsì kalẹ̀. Kò yára.)

SÙWÉÉBÁTÙ: Fi wáyà yẹn sílẹ̀, kí o gbọ́. Nígbà òjò èṣí, omi gbé igi ọ̀pẹ tó wà níbí lọ. Hàfísátù, ìyàwó àdúgbò wa, ń rọbí níbi tí mo dúró sí yìí. Agbẹ̀bí wà ní òdìkejì. Ariwo ló fi gbẹ̀bí.

LÁSÚNKÀNMÍ: Ariwo?

SÙWÉÉBÁTÙ: Ó kígbe pé, “Rọra,” omi gbé e lọ. Ó kígbe pé, “Ó yá, rin,” omi gbé e lọ. Nígbà tí a máa gbọ́ “Rọra,” ọmọ ti wà nílẹ̀. A sọ ọ́ ní Mùsáfírù.

LÁSÚNKÀNMÍ: Ọlọ́run ṣeun.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ní báyìí, oyún Ròkíátù ọmọ mi ti pé oṣù méje, òjò sì ku oṣù méjì. Mi ò fẹ́ fi ariwo gba ọmọ-ọmọ mi. Mo fẹ́ afárá yìí.

LÁSÚNKÀNMÍ: Nígbà náà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí n kà wọ́n.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ìyẹn ò ṣeé sọ. (Ó ronú.) Kí lo pe ohun tí ẹ̀rọ rẹ ń kà?

LÁSÚNKÀNMÍ: Ẹsẹ̀.

SÙWÉÉBÁTÙ: Kò mọ orí?

LÁSÚNKÀNMÍ: Kò mọ orí.

SÙWÉÉBÁTÙ: Kò mọ orúkọ, kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́?

LÁSÚNKÀNMÍ: Ẹsẹ̀ nìkan. Èmi ni mo máa ń pín in sí méjì.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ìwọ gan-an lo ń ba nǹkan jẹ́. Má pín in mọ́.

LÁSÚNKÀNMÍ: Ìyá?

SÙWÉÉBÁTÙ: A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mi ò gbọ́ ọ rí pé a kì í ka ẹsẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Kọ ẹsẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ṣe kà á, kí o fi ránṣẹ́. Bí akọ̀wé Abẹ́òkúta bá pín in sí méjì lórí tábìlì rẹ̀, òun ló mọ̀.

LÁSÚNKÀNMÍ: Irínwó ènìyàn á wá jẹ́...

SÙWÉÉBÁTÙ: Panu mọ́.

LÁSÚNKÀNMÍ: Ẹgbẹ̀rin ẹsẹ̀.

SÙWÉÉBÁTÙ: O ti ń gbọ́n. (Ó kọjú sí ìsàlẹ̀ odò, ó gbóhùn sókè.) Ẹ máa bọ̀ o. Ẹsẹ̀ ló ń kà. Kò mọ ẹni tó ni ín.

(Lásúnkànmí dá nọ́ńbà padà sí òdo, nítorí àwọn ewúrẹ́. Èrò jáde nínú omi, wọ́n tò sẹ́nu afárá. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún: tìn, tìn, tìn.)

LÁSÚNKÀNMÍ: Ìyá, ẹ bá mi dá bàbá yẹn dúró. Ó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ kà fún un. Ìyẹn ni pé wọ́n jẹ́ ènìyàn kan àti...

SÙWÉÉBÁTÙ: O tún fẹ́ pín in.

LÁSÚNKÀNMÍ: Ẹ má bínú. Mo ti yọ ọ̀kan kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀pá kàn án mọ́.

SÙWÉÉBÁTÙ: Bàbá Tàjùdéèn, ẹ gbé ọ̀pá yín sókè. Ó ní ẹ ti pọ̀ jù.

LÁSÚNKÀNMÍ: Kẹ̀kẹ́ yìí ńkọ́? Táyà méjì, ẹ̀rọ ti ka méjì. Ẹni tó gùn ún ò fẹsẹ̀ kan nǹkan kan.

SÙWÉÉBÁTÙ: Bùrẹ́ímọ̀ ni. Nínú àwọn méjèèjì, kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

(Tìn, tìn, tìn, tìn, tìn. Aago ò dáwọ́ dúró.)

LÁSÚNKÀNMÍ: Kí ni ẹni tó wà lórí pákó yẹn ń ṣe?

SÙWÉÉBÁTÙ: Ládi ni. Ó gbọ́ aago, ó ń jó.

LÁSÚNKÀNMÍ: Ó ti di ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ ní kó dúró.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ó ní bí aago bá dúró, òun á dúró.

LÁSÚNKÀNMÍ: Aago ń dún nítorí pé ó ń jó ni.

SÙWÉÉBÁTÙ: Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun ń jó nítorí pé aago ń dún. Ó ní kí o lọ wádìí ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyẹn.

(Lásúnkànmí já wáyà kan. Ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Ládi dúró, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kọjá. Lásúnkànmí fọwọ́ yí nọ́ńbà padà sẹ́yìn títí ó fi ku ẹsẹ̀ méjì péré fún un, ó sì so wáyà padà.)

LÁSÚNKÀNMÍ: Aboyún kan ń bọ̀.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ròkíátù mi ni. Mélòó lo kà fún un?

LÁSÚNKÀNMÍ: Méjì. Èyí tó wà nínú ò tẹ pákó.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ìyá rẹ̀ ló ń tẹ̀, láti àná. (Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà.) Màmúdù náà rèé. Nígbà ogun Hítílà, ẹsẹ̀ méjì ló gbé lọ sí Bọ́mà, ọ̀kan ló gbé bọ̀.

LÁSÚNKÀNMÍ: Kó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè bí àwọn yòókù.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ọ̀pá yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì.

LÁSÚNKÀNMÍ: Bí mo bá gbà fún un, Bàbá Tàjùdéèn á padà wá béèrè tirẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó lọ sógun, Ìyá. Ẹsẹ̀ ló mọ̀.

(Màmúdù wo Lásúnkànmí, ó wo Sùwéébátù. Ó gbé ọ̀pá sókè bí ìbọn, ó ta kẹ́ńkẹ́ kọjá. Tìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré.)

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ fo pákó, nítorí Lásúnkànmí ní àlọ lòun ń kà, òun kì í ka àbọ̀. Agbọ̀n ìrẹsì Sùwéébátù wà níbi tó sọ ọ́ sí láàárọ̀. Kò dé ọjà.

LÁSÚNKÀNMÍ: Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo èrò ti lọ tán. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù, Ìyá.

(Sùwéébátù tẹ pákó bí ẹni tó ń tẹ ẹní tuntun. Tìn. Tìn. Aago kejì yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dún tó ti àkọ́kọ́. Lásúnkànmí tẹjú mọ́ gíláàsì.)

SÙWÉÉBÁTÙ: Ṣé ó pé?

LÁSÚNKÀNMÍ: Ẹgbẹ̀rin...

SÙWÉÉBÁTÙ: Alihamudulilahi.

LÁSÚNKÀNMÍ: ...ó dín kan.

SÙWÉÉBÁTÙ: Kí ló dín?

LÁSÚNKÀNMÍ: Ẹsẹ̀ kan.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ẹsẹ̀ ta ni?

LÁSÚNKÀNMÍ: Kò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin lẹ fi ìyẹn polówó rẹ̀.

SÙWÉÉBÁTÙ: Fọwọ́ sún nọ́ńbà síwájú. Ṣebí o sún un sẹ́yìn nítorí Ládi.

LÁSÚNKÀNMÍ: Irọ́ ni mo yọ kúrò nígbà yẹn. Ẹ ò lè ní kí n wá fi irọ́ kún un.

SÙWÉÉBÁTÙ: Jẹ́ kí n tún un tẹ̀, nígbà náà. (Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ pákó. Aago ò dún. Ó fi ìkejì tẹ̀ ẹ́. Ó fò sókè, ó fi méjèèjì bọ́ lé e. Kò dún.)

LÁSÚNKÀNMÍ: Bátìrì ti kú, Ìyá. Ẹsẹ̀ yín ló kà kẹ́yìn.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ẹ̀rọ tí kì í sùn.

LÁSÚNKÀNMÍ: Kì í sùn lóòótọ́. Ó kú ni.

(Sùwéébátù jókòó lórí àpótí ìjókòó Lásúnkànmí. Lásúnkànmí fi í sílẹ̀ fún un, ó lóṣòó.)

LÁSÚNKÀNMÍ: Akọ̀wé á pín in sí méjì. Á rí i pé irínwó ènìyàn ò pé, ó ku ààbọ̀.

SÙWÉÉBÁTÙ: Ààbọ̀ òkè ni, àbí ti ìsàlẹ̀?

LÁSÚNKÀNMÍ: Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù.

SÙWÉÉBÁTÙ: Kọ ọ́ pé a jẹ ẹsẹ̀ kan. Bí Ròkíátù bá bímọ, ọmọ náà á wá san án.

LÁSÚNKÀNMÍ: Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọ á gbé wá.

SÙWÉÉBÁTÙ: Kí wọ́n fún un ní ṣéńjì.

LÁSÚNKÀNMÍ: (Ohùn rẹ̀ rọ̀.) Ìyá, inú mi ò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwádìí ni. Bí nǹkan ò bá pé, mo gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ìyókù wà, kí n fọwọ́ sí i. Níbo ni mo fẹ́ ní ẹsẹ̀ kan yẹn wà?

(Màmúdù ti ọjà dé, ẹrù lórí, ọ̀pá lábíyá. Ó dé ìdí pákó, ó tún gbé ọ̀pá sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láàárọ̀, ó fò ó. Sùwéébátù wò ó títí ó fi lọ.)

SÙWÉÉBÁTÙ: Mú gègé rẹ.

LÁSÚNKÀNMÍ: Ó wà lọ́wọ́ mi, Ìyá.

SÙWÉÉBÁTÙ: Kọ ọ́ bí mo bá ṣe pè é. Ẹgbẹ̀rin ẹsẹ̀ ni Mowé ní, ó pé pérépéré. Ọ̀kan tí ẹ̀rọ ò rí wà lọ́dọ̀ ìjọba fúnra wọn. Wọ́n yá a lọ́wọ́ Màmúdù ní Bọ́mà, ó di ọdún mẹ́wàá, wọn ò tíì dá a padà.