Agogo Èéfín Ìyàwó Aránṣọ

Ẹjọ́ tó balẹ̀ sí ààfin lánàá, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o! Ààfin ọ̀hún kì í ṣe ohun bàbàrà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni, torí onígbàjámọ̀ náà ni baálẹ̀ gbogbo ẹni tó ti ilé wá ṣàtìpó nílùú òyìnbó yìí.

Ìyàwó aránṣọ ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Kò tíì pẹ́ tó wá bá ọkọ rẹ̀, onílé sì ti búra pé bí ará ilé bá tún sá jáde nítorí rẹ̀, kí tọkọtaya palẹ̀ mọ́.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wọn ló pẹjọ́. "Baálẹ̀, ẹ gbà mí! Ẹ mọ agogo tí wọ́n kàn mọ́ àjà, tó máa ń ké tó bá rí èéfín? Ojoojúmọ́ ni ti obìnrin yìí ń ké! Níjẹta, ọṣẹ lójú, táwẹ́ẹ̀lì nídìí, ni mo bá ara mi ní títì!"

"Ṣé táwẹ́ẹ̀lì ọ̀hún dúró?" ìjòyè kan bi í.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, bàbá."

Baálẹ̀ kọjú sí ìyàwó. "Kí lo rí sọ?"

"Ẹ má bínú, bàbá mi. Mo rò pé ó ń bá mi ṣọ́ ọbẹ̀ ni. Tó bá ti ké, mo mọ̀ pé ata ti dín."

"Irọ́ ńlá! Ọkọ rẹ̀ ti ṣàlàyé fún un!" awakọ̀ pariwo.

Wọ́n pe aránṣọ. "Mo ṣàlàyé o. Àmọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ kì í jóná."

"Ẹlẹ́rìí ta ni ọ́ gan-an?" baálẹ̀ bi í.

"Ti ìyàwó mi ni, bàbá. Ilé kan náà la jọ ń sùn."

Ó kan nọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. "Ariwo yẹn kì í jẹ́ kí n sùn. Mo kórìíra rẹ̀!"

"Kí ló dé tó o fi máa ń pẹ́ níta ju gbogbo wa lọ?" awakọ̀ bi í.

"Ọbẹ̀ yẹn ń ta sánsán, ẹ̀gbọ́n. Mò ń dúró bóyá wọ́n á ní kí n wá tọ́ ọ wò."

Baálẹ̀ na ìka sí ìyàwó. "Sọ òótọ́. Ṣé o ò mọ iṣẹ́ agogo yẹn ni?"

Obìnrin náà sorí kọ́. "Mo mọ̀, bàbá. Ọkọ mi á jáde láàárọ̀, á ku èmi nìkan. Gbogbo ilẹ̀kùn á wà ní títì. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ṣé mo jí. Ọjọ́ tí agogo yẹn kọ́kọ́ ké ni mo tó rí ojú aládùúgbò. Wọ́n bú mi, bàbá, inú mi sì dùn."

Awakọ̀ ń wolẹ̀.

Baálẹ̀ wúkọ́. "O jẹ̀bi! Ọjọ́ tí ilé bá gbiná lóòótọ́, ta ni yóò sá? Máa ṣí fèrèsé. Bí ọbẹ̀ bá sì ti jinná, gbé ìkòkò, kó o máa kan ilẹ̀kùn kiri, kó o bù fún gbogbo ilé. Onílé ni kó o kọ́kọ́ bù fún, ká wo ẹnu tó máa fi lé ọ. Awakọ̀, ìwọ náà jẹ̀bi! O ń gbé lórí ènìyàn, o ò kí i. Tó bá kan ilẹ̀kùn, o gbọ́dọ̀ ṣí i, kó o jókòó, kó o jẹun tán, kó o tó bú u."

"Ṣé wọ́n á ṣí i, bàbá?" ìyàwó béèrè, omi lójú.

Kí baálẹ̀ tó dáhùn, nọ́ọ̀sì ti dìde.

"Níbo nìyẹn? A ò tíì túká!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo fẹ́ lọ ṣí ilẹ̀kùn tèmi sílẹ̀ ni."