Màá-Rò-Ó-Wò, Ọ̀gá Àwọn Tó Ń Wá Ilé

Bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ jókòó, yóò kọ́kọ́ fi aṣọ ìnujú nu àga, yóò húkọ́, yóò sì wo yàrá yíká bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò tíì rí i. Iléeṣẹ́ omi ló ti fẹ̀yìn tì. Mítà omi ló ń kà láti ojúlé dé ojúlé, àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé òun ló ń fún òjò láṣẹ. Òjò-Ò-Gbọdọ̀-Rọ̀-Láìbi-Mí ni à bá máa kì í, ṣùgbọ́n orúkọ tó mọ́ ọn lára ni Màá-Rò-Ó-Wò. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, iléeṣẹ́ gba ilé wọn padà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi má mikàn, òun á wá ibi tó dákẹ́ tí kò sì wọ́n, tí wọn yóò ti máa fi pẹ̀lẹ́ jẹ owó ìfẹ̀yìntì wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbọ́n mi, orí ìdúró ló ti lo ayé rẹ̀, orúnkún sì ti ń dà á láàmú. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: ibi tí yóò tú ẹrù rẹ̀ sí, tí kò ní dì í mọ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Èmi ni mo ní ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí náà èmi náà ni mò ń bá wọn kẹ́rù.

Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan la kọ́kọ́ lọ. Inú ọkùnrin náà dùn pé òun rí ayálégbé tí owó rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù, ló bá dárúkọ owó àsansílẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi húkọ́.

“Káfíńtà, ibi tí àgbàlagbà yóò ti lo ìyókù ayé rẹ̀, wọn kì í yàn án bí ẹni ń ṣa tòmátò. Ẹ jẹ́ ká sùn síbẹ̀ wò ná.”

Wọ́n sùn síbẹ̀ wò títí oṣù fi kú. Káfíńtà bá a kan bẹ́ẹ̀dì tuntun. Nígbà tó tún béèrè owó, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá wa, ní ariwo ayùn kì í jẹ́ kí òun sun oorun àárọ̀. Káfíńtà ṣíwọ́ ayùn láàárọ̀. Ọ̀gá ní ìdákẹ́jẹ́ náà ti wá pọ̀ jù, ó ń ba òun lẹ́rù. “Màá rò ó wò,” ló wí, ó sì ránṣẹ́ pè mí kí n wá kẹ́rù.

Ó di ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Búrẹ́dì gbígbóná láràárọ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí àlejò lè mọ̀ pé ilé náà dára. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó dé, ọ̀gá fi ṣòkòtò rẹ̀ han onílé, ó ní ẹ wò ó, bọ́tìnnì ò pàdé mọ́, ta ni yóò ra òmíràn fún òun? Díẹ̀ ló kù kí oníbúrẹ́dì tọrọ àforíjì. Màá rò ó wò. Mo tún gbé ọkọ̀ dé.

Ẹ̀kẹta ni ilé opó kan tó ń ránṣọ. Ìyá Aránṣọ bá a tú ṣòkòtò náà kó lè gbà á, ó sì kun yàrá ní búlúù bó ṣe fẹ́. Ọ̀gá wọ inú rẹ̀, ó káwọ́ lérí: búlúù ń rán òun létí omi, òun sì ti fẹ̀yìn tì kúrò nídìí omi. Ìyá náà tún un kùn ní funfun.

Ilé yìí ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn. Ó so kọ́tìnì kọ́, ó to ìkòkò, ó sì ní kí n máa kó okùn ẹrù mi lọ. Mo fi okùn náà sí tòsí, torí mo mọ ọkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ ni iléeṣẹ́ omi ní kí ọ̀gá wá bá àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń yan ibi tí kò wọ́n. Àṣejù, baba àṣetẹ́: ó ránṣẹ́ sí àwọn onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n wá wo bí ayé ṣe ń yẹ́ òun sí. Olúkúlùkù rò pé ilé tòun ló fẹ́ kéde pé òun yàn. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, kò sí èyí tó mọ èkejì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ wú. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

“Ẹ gbọ́ àṣírí,” ó wí. “Ẹni tó ti rí ilé, ayálégbé ni. Ẹni tó ṣì ń wá a, àlejò ni. Ayálégbé ń sanwó, àlejò ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná. Nítorí náà, ẹ má rí ilé o. Ẹ ṣáà máa wá a.”

Ẹnì kan béèrè pé ṣé àwọn onílé ò ní fura.

“Onílé? Ojúkòkòrò ò jẹ́ kí wọ́n ríran. Ẹni tó ti torí ẹ kun ilé lẹ́ẹ̀mejì, á kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta.”

Ìyá Aránṣọ dìde. Oníbúrẹ́dì dìde. Káfíńtà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àpèjúwe lòun ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi di àga mú, ó dìde.

“Bàbá àwọn ọmọ, gbogbo ẹrù tí mò ń dì tí mò ń tú látọjọ́ yìí, ẹ ò wá ilé rárá?”

“Ìyá àwọn ọmọ, mò ń bá wa dín ìnáwó kù ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí Ìyá Aránṣọ. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ orúkọ tèmi sílé yẹn, owó ìfẹ̀yìntì tèmi ká a. Èmi ti rílé. Ọkọ mi ṣì ń wá.”

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Inú bí mi nítorí ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ n ò purọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá dúró síwájú àwọn tó wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń béèrè pé níbo lòun máa wá sùn.

Ìyá Aránṣọ ní yàrá kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Owó àsansílẹ̀ ni o.

Ọ̀gá la ẹnu láti béèrè bóyá òun lè kọ́kọ́ sùn síbẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti káfíńtà. Ó pa ẹnu dé, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì sanwó ilé lójú gbogbo ayé.