Ẹni Bá Jókòó, Kó Máa Lọ Sílé

Ọlá ti wà lọ́wọ́ Olóyè Ọláníyì tipẹ́, ìyì ló kù tó ń wá kiri. Bàtà ló ń tà ní Ọjà Balógun, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì gùn débi pé ẹni tó bá sín níwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́.

Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó fẹ̀, ó rọ̀, ó ń yí bírí. Ti Olóyè ni. Ìdúró ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Ẹni bá jókòó, ọjà rẹ̀ á jókòó tì í," ni Olóyè máa ń wí. "Ẹni bá jókòó, kó máa lọ sílé."

Afusat, ọ̀kan nínú wọn, tí oyún rẹ̀ ti ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, bẹ̀bẹ̀ fún àpótí kékeré kan. Olóyè mirí.

"Orí ìdúró ni ìyá mi wà títí ó fi bí mi. Ṣé o rí àbùkù lára mi ni?"

Afusat rí i, àmọ́ kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ oníbàtà ní àwọn fẹ́ fún ọ̀gá tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́ jù lọ ní àwọ́ọ̀dù, oorun dá lójú Olóyè. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá yẹ ṣọ́ọ̀bù wò, ó yá àga rẹpẹtẹ, ó tò wọ́n síbẹ̀.

"Tí wọ́n bá bi yín," ló kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, "ẹ ní ìjókòó ti sú yín."

Àwọn àlejò ò tíì rìn jìnnà tí àga fi padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n. Olóyè ni wọ́n mú fún àwọ́ọ̀dù náà.

Ọjọ́ àwọ́ọ̀dù pé, gbọ̀ngàn kún ní Onikan. Agbádá Olóyè nìkan gba àyè èèyàn méjì. Alága ẹgbẹ́, Alhaja Ganiat, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ Olóyè jókòó síwájú. Olóyè gba máìkì.

"Òṣìṣẹ́ mi, ọmọ mi ni. Tí iṣẹ́ bá rẹ̀ wọ́n, èmi ni àárẹ̀ ń mú. Ìgbàkígbà tí mo bá rí wọn..."

Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti bọ́ sórí Afusat tó fẹ̀yìn ti àga, tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ahọ́n Olóyè ò dúró gbàṣẹ.

"Afusat, ta ló ní kó o jókòó? Dìde níbẹ̀ kí n tó lé ẹ lọ sílé!"

Máìkì ò bo àṣírí. Afusat fò dìde, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tó kù fò dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Ẹ̀fẹ̀ ni," ni Olóyè wí, òógùn ti bò ó. "A máa ń bá ara wa ṣeré."

"Afusat, ṣé eré ni?" ni Alhaja bi í.

Afusat wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ikùn ara rẹ̀.

"Eré ni, mà. Àárọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ilẹ̀ á ṣú ká tó parí ẹ̀."

"Àwọn àga tá a rí ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sílé wọn, mà."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé gbọ̀ngàn. Alhaja dá àwọ́ọ̀dù padà sínú ọ̀rá, ó fa Afusat lọ́wọ́ lọ sórí àga Olóyè ní tábìlì àwọn èèkàn.

"Olóyè ní ọmọ òun ni. Ọmọ á jókòó, bàbá á dúró díẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní àga òṣìṣẹ́ kò ní ṣí lọ́jà wa."

Olóyè kó agbádá rẹ̀ jọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Wọ́n ti gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú àga. Afusat jẹ ẹran ibẹ̀ tán, ó sì fọ́ eegun.