Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ṣọ́bìrì Lọ Pàdé Ẹ̀fọ́

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ láti kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni mo kó ọkùnrin márùn-ún jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì láti lọ pàdé ẹ̀fọ́. Kí ẹ tó pè mí ní òmùgọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rìn. Bí mo bá parí, ẹ lè pè mí ní ohun tó bá wù yín.

Abúlé wa kò jìnnà sí Molutehin. Omi ló yí wa ká, ẹrẹ̀ ló wà lábẹ́ wa, orí pákó la sì ń rìn láti ilé dé ilé. Ẹja kì í ṣe ìṣòro wa. Ẹ̀fọ́ tútù ni ìṣòro, torí kó tó ti Igbokoda dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rọ bí àkísà. Ìyàwó mi ló wá ọgbọ́n dá sí i. Ó bá obìnrin àgbẹ̀ kan tó ń dáko lórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn Igbokoda ṣe àdéhùn. Ìyá Olóko la ń pè é. Ilé mẹ́wàá dáwó jọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Olóko fi gbin ẹ̀fọ́, ó sì ń fi ìpín wa ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í yàn. Ohun tí oko bá mú jáde la ó jẹ: tẹ̀tẹ̀ dé, a jẹ tẹ̀tẹ̀, gbúre dé, a jẹ gbúre. Àwọn obìnrin á péjọ sí èbúté, wọ́n á gba ìpín wọn, wọ́n á sì dúró sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wọ́n. Iṣẹ́ tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà ni jíjẹ.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ìyàwó mi lọ bá àbúrò rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Molutehin. Ilé wa ló sì kàn láti gba ẹrù fún gbogbo ilé mẹ́wàá. Kó tó wọkọ̀, ó wò mí lójú.

"Bàbá Tóyìn, èmi ni mo bẹ àwọn obìnrin wọ̀nyí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Tí ìpín wọn bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, èmi ni wọn ò ní gbà gbọ́ mọ́."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ta ni kò lè gba ẹ̀fọ́?

Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ Ìyá Olóko wọlé sórí fóònù mi, láìní àmì ohùn kankan: "E ku aaro o. Yanrin lo jade lose yii, o si po. Apo mewa n bo lola, ile kookan apo kan. E ma je ki o pe ninu oorun o."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Yanrìn? Mo yí fóònù náà sápá ọ̀tún, mo yí i sósì, yanrìn náà ṣì ni. Ẹ rántí pé ọmọ ẹrẹ̀ ni mí. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ ló ń gbé yanrìn wá, ẹni tó bá ní àpò méjì níwájú ilé ti di ẹni ńlá. Mo rò ó títí, mo sọ fún ara mi pé bóyá wọ́n gbẹ́ kànga sínú oko náà ni, ohun tí oko bá sì mú jáde la gbà pé a ó gbà. Ti oòrùn yẹn nìkan ni kò yé mi. Láti ìgbà wo ni yanrìn ti ń sá fún oòrùn?

Mo pe ìyàwó mi, ìpè kò lọ. Mo bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "Won ni yanrin n bo lola. Ki ni ki n se si i?"

Lọ́jọ́rọ̀, èsì dé: "O ma dun gan. E fi omi to mo fo o leemeta. Iyo die si i."

Orí mi fò lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé àwọn bíríkìlà máa ń sọ pé iyọ̀ inú yanrìn etí òkun ló ń ba ògiri jẹ́. Mo ní, áà, ìyàwó mi ti ríran síwájú: iyọ̀ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, ká fọ̀ ọ́ kúrò. Mo yìn ín lọ́kàn mi pé ó gbọ́n jù mí lọ. Òótọ́ sì ni.

Mo lọ kéde fún àwọn ilé mẹ́sàn-án yòókù. Ìyá Ṣadé, tí ẹnu rẹ̀ kì í fi nǹkan bò, ti ń lọ ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ẹ̀fọ́ la dáwó fún," ó ní. "Tí wọ́n bá kó yanrìn fún wa lónìí, òkúta ni wọ́n á kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ lẹ sọ, ẹ bá mi sọ fún Ìyá Tóyìn pé mo ti jáde."

Àwọn méjì tó dúró tì í ní àwọn náà á jáde. Orúkọ ìyàwó mi ti fẹ́ bàjẹ́, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tó kúrò nílé. Bí mo ṣe di alágbàwí yanrìn nìyẹn. Mo ní a ó jẹ ẹ̀fọ́ tán, yanrìn á kù. Mo ní ká fi ìpín wa dí kòtò ẹrẹ̀ tó wà lẹ́nu èbúté, èyí tó ti gbé bàtà gbogbo wa mì. Bàbá Sàlìú, àgbà ẹlẹ́ja tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tì mí lẹ́yìn. Ó ní òun ní yanrìn ààbọ̀ àpò nílé tí a lè fi ṣe ìpìlẹ̀. Ìyá Ṣadé ní ó dáa, òun á wá wò ó.

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa pé sí èbúté: ọkùnrin márùn-ún pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àgbá omi òjò mẹ́ta tí mo yá káàkiri fún yanrìn fífọ̀, àti àwọn obìnrin tó ká ọwọ́ lẹ́rán. Bàbá Sàlìú da yanrìn tirẹ̀ sínú kòtò náà, a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Ọkọ̀ dé. Géńdé kan nínú wa, ẹni tó lágbára jù, bọ́ síwájú, ó la ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Awakọ̀ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ju àpò sí i. Àpò náà fúyẹ́ bí ìrọ̀rí. Agbára tí ọkùnrin náà ti kó jọ kò rí nǹkan lò, ló bá fi ìdí balẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" ó béèrè láti ìsàlẹ̀.

"Yanrìn gbígbẹ kì í wúwo," mo dá a lóhùn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹnu mi yìí.

Èmi àti Bàbá Sàlìú tú àpò tiwa lẹ́ẹ̀kan náà, a da orí wọn kodò sínú kòtò. Ewé ló jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ń tú inú ewé náà kiri, mò ń wá yanrìn lábẹ́ ẹ̀, torí mo rò pé wọ́n fi ewé bò ó ni kí oòrùn má bàa pa á.

"Bàbá Tóyìn," Bàbá Sàlìú rọra wí, "kí lẹ̀ ń wá, ọma mi?"

Ìyá Ṣadé já ewé kan, oje funfun jáde lójú ibi tó já. Ó wo ewé, ó wò mí, ó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí olùkọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: "Yánrin. Ẹ̀fọ́ yánrin."

Ó jókòó sórí ṣọ́bìrì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí kòtò yẹn gbé èmi náà mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ló gba orúkọ ìyàwó mi là. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé òun ń jáde. Àwọn obìnrin fi omi òjò mi fọ ẹ̀fọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n bu díẹ̀díẹ̀ nínú tiwọn fún ilé Bàbá Sàlìú. Mo na igbá tèmi náà.

"Tiyín wà nínú kòtò," Ìyá Ṣadé ní. "Ẹ ṣà á."

Mo ṣà á. Mo fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Mo sè é pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ, mo sì bẹ gbogbo èbúté pé kí wọ́n má sọ fún ìyàwó mi.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Inú rẹ̀ dùn pé gbogbo ilé gba ìpín wọn, ó ní òun ò mọ̀ pé mo lè ṣe é. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó rún un lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

"Bàbá Tóyìn," ó ní, "yanrìn wà nínú yánrin yìí."

Bí ẹ̀rín ṣe pa mí nìyẹn, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ kí n tó lè mí. Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà wí i, mo sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Oòrùn kò yé mi, iyọ̀ kò yé mi, àpò fífúyẹ́ kò yé mi, síbẹ̀ mi ò bi ẹnì kankan pé yanrin wo lẹ̀ ń wí. Ní báyìí, bí Ìyá Olóko bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé tẹ̀tẹ̀ ń bọ̀, mo máa ń pè é padà láti béèrè bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́. Ó ní mò ń yọ òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn.