Àwòrán Ẹsẹ̀ Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi gbàgbé orúkọ ara mi. Bí mo bá rántí rẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí n tó rẹ́rìn-ín, mo kọ́kọ́ máa ń bínú, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ mí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣẹ̀ mí lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ tó dájọ́.

Ìlú Chicago ni, láàárín àwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn. Èmi àti Rísíkátù ìyàwó mi ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò Auburn Gresham. Mo ti gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo rí ni ti òtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, níbi tí mo ti ń wọ kóòtù pupa oníbọ́tìnnì wúrà, tí mo ń gbé ẹrù àwọn àlejò. Rísíkátù ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà òtútù, bíìlì gáàsì tó ń mú ilé móoru máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé fúnra rẹ̀, nítorí náà súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ la fi ń jẹun ní pálọ̀. Bátìrì mọ́tò mi, inú ilé ló ń sùn, kí òtútù má baà pa á níta. Ó ń gbádùn jù mí lọ.

Gbogbo èyí, àwọn àna mi ní Ìwó kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni kí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Láyé ìgbà náà, tẹlifóònù wọ́n, lẹ́tà ń pẹ́, ohùn la fi ń ránṣẹ́ síra wa, ẹni tó bá ti ilé dé ni yóò bá wa mú un wá. Alhaji, bàbá ìyàwó mi, ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Yóò ṣàdúrà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo fi aago wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni gbogbo agboolé yóò tò sẹ́yìn rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ohun tó fẹ́, fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.

Èyí tó dé lóṣù tí mò ń wí yìí, àwòrán ẹsẹ̀ ló bá a wá. Wọ́n tẹ ẹsẹ̀ lé bébà, wọ́n fi bírò yí i ká, kí a lè mọ ìwọ̀n bàtà tí a ó rà. Ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́sàn-án! Àbúrò ìyàwó mi kan ya ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíràn ò kọ orúkọ sí tirẹ̀ rárá. Mo gbé bébà náà sókè.

"Rísíkátù, ẹsẹ̀ ta nìyí?"

"Ẹ rò pé mo mọ ẹsẹ̀ gbogbo wọn ni? Ẹ ṣáà jẹ́ ká rà á, ká sinmi."

A rà á. Ẹ̀wà la jẹ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Mo kà á.

N kò lè sọ̀rọ̀ síta níwájú ìyàwó mi, ẹbí rẹ̀ ni. N kò sì lè sọ ọ́ fún Alhaji, nítorí ọjọ́ tó fa ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ohun tó sọ ni pé, "Ọjọ́ tí ọmọ mi bá di ẹrù fún ọ, má nà án, má bú u. Ṣáà sọ fún mi, n ó wá gbé ẹrù mi." Alhaji kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ni mo bá ra kásẹ́ẹ̀tì kan, mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn, mo tú ìbínú mi sínú rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ránṣẹ́ síbì kankan o. Kí àyà mi lè fúyẹ́ ni. Mo to ẹ̀sùn náà bí agbẹjọ́rò. Ẹ̀sùn kìíní, ẹni tó ní ẹsẹ̀ òsì méjì. Ẹ̀sùn kejì, àǹtí tó ní kí n fi fíríìjì ránṣẹ́ sí àdúgbò tí kò níná. Ẹ̀sùn kẹta, Alhaji fúnra rẹ̀, tó ń ṣàdúrà bí ẹni tó ń fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀. Ẹ̀sùn mẹ́rìnlá ni. Bí mo bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, n ó ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ rédíò mọ́tò, èmi ni n ó máa rojọ́, èmi náà ni n ó máa dáhùn pé, "Òótọ́ lo sọ!" Bí mo bá délé, inú àpò kóòtù mi ni mò ń fi í pamọ́ sí, kí ìyàwó mi má baà rí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ẹ̀gbọ́n Súlè, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Joliet, wá kó àwọn bàtà náà, nítorí ó ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Rísíkátù na kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sí mi. "Ẹ bá mi fi sínú bàtà kan kó má baà fọ́. Ìkíni Bàbá ni." Mo sọ ọ́ sápò kóòtù mi, mo kọ́kọ́ lọ wá okùn. Nígbà tí mo dé, mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, mo fi sínú bàtà, mo di páálí gírígírí. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gboyè.

Ní ọ̀sán Sátidé, mo ń lọ síbi iṣẹ́, sífíìtì mi yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì. Mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò kí n tún ẹ̀sùn kejì gbọ́. Ohun tó jáde ni, "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Rísíkátù ni…"

Mo fà á yọ bí ẹni tí iná jó. Mo rí Alhaji lójú mi kedere, tó pe gbogbo ẹbí jọ sí àgbàlá lẹ́yìn ìrun, tó tẹ rédíò, tí ohùn mi sì jáde: "Ẹ̀sùn kìíní." Kí n tó dé ìkẹrìnlá, wọn yóò ti yan ẹni tó máa wá gbé ẹrù Alhaji. Aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, bàálù Ẹ̀gbọ́n Súlè yóò gbéra ní aago mẹ́ta. Mo kọjá níwájú òtẹ́ẹ̀lì wa bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí.

Mo sáré wọ pápákọ̀ pẹ̀lú kóòtù pupa lọ́rùn. Ìyá òyìnbó kan gbé báàgì rẹ̀ lù mí láyà, ó ní Denver lòun ń lọ. Mo ní n kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó wo bọ́tìnnì mi, ó wo ojú mi, ó ní òun yóò fẹjọ́ mi sùn. Ẹ gbọ́ o! Èmi tí mo ní ẹ̀sùn mẹ́rìnlá nílẹ̀! Ṣùgbọ́n mo gbé báàgì náà. Ó ti mọ́ mi lára.

Ẹ̀gbọ́n Súlè wà níwájú káńtà, ó wọ kóòtù mẹ́ta léra kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́, òógùn bò ó. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Injiníà? Kí lo wọ̀ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tú páálí wa."

"Páálí tí wọ́n ní ó wúwo jù, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ wọ́n tán? Orí ẹ pé báyìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Àwọn òyìnbó rò pé mo dákú. Ọ̀kan kúnlẹ̀ tì mí, ó ń tú bọ́tìnnì ọrùn mi, òmíràn ń pariwo pé kí wọ́n pe dókítà.

"Dìde!" Ẹ̀gbọ́n Súlè ń pariwo. "O ò rí i pé wọ́n fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí ọ lẹ́nu!"

Mo fò dìde, mo tú páálí. Bàtà fọ́n ká ilẹ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn ń kùn, mo ń ki ọwọ́ bọ bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíní, òfo. Ìkẹrin, òfo. Inú bàtà ẹlẹ́sẹ̀ òsì méjì ni mo ti rí i. Ó kúkú yẹ bẹ́ẹ̀. Mo fi ti Rísíkátù rọ́pò rẹ̀, mo tún páálí dì.

"Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?" Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ìkíni ni, sà."

"Ìkíni yín lágbára o."

Mo fi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá mi kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó ní bí mo bá tún pẹ́, kí n máa lọ sílé. Síbẹ̀, bí akọni ni mo ṣe fa teépù inú kásẹ́ẹ̀tì mi jáde, tí mo gé e wẹ́wẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, èsì dé. Àdúrà kọ́ ni Alhaji fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ Rísíkátù, a gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ sọ. Ó ní iṣẹ́ injiníà kò sí. Ó ní ẹrù lò ń gbé, pé orí ìdúró lo máa ń wà títí. Ó ní mọ́tò inú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, ti àlejò òtẹ́ẹ̀lì ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò tíì sọ ti fọ́tò fún yín. Ó yẹ̀ lọ́kàn mi ni. Lọ́dún tí mo dé, mo gbé ọwọ́ lé mọ́tò gígùn funfun kan, mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé, "Ọlọ́hun ṣe é." N kò sọ pé tèmi ni. N kò sọ pé kì í ṣe tèmi náà. Kò sí nínú ẹ̀sùn mẹ́rìnlá.

Alhaji ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "A kò mọ̀ ni. Bí a bá mọ̀, ta ni yóò tẹ ẹsẹ̀ lé bébà? Má ra bàtà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwọ ni kí o ya ẹsẹ̀ tìrẹ ránṣẹ́. Oníṣẹ́-awọ kan ń bẹ níbí, yóò rán bàtà tó rọ̀ fún ọ. Ẹni tó ń dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ yóò máa dùn ún." Ó wá ṣàdúrà, kò sì béèrè nǹkan kan.

Mo yíjú sí ìyàwó mi tó ń ká aṣọ. "Rísíkátù! Ìkíni lo pè é!"

"Mo kí wọn náà. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi sọ ìyókù. Tiyín ló gùn jù."

"Tèmi wo?"

"Ẹ̀sùn mẹ́rìnlá. Ta ní ń fọ kóòtù yín? Ti fíríìjì yẹn ló dùn jù."

Mo wá rí i pé ẹni tó bá fẹ́ ka ẹ̀sùn, ara rẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo tẹ ẹsẹ̀ lé bébà, Rísíkátù fi bírò yí i ká, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé bírò ń yẹ̀. Bàtà náà dé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, awọ gidi. Títí dòní, ó há mi lẹ́sẹ̀ òsì. N kò fẹjọ́ sùn o. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.