Afárá Pépà Baba Ìmọ̀

Láàárín ọdún mẹ́ta péré, ẹ̀ẹ̀mejì ni pátákó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé yìí yí padà. Èyí àkọ́kọ́ ní "Ọ̀gá Ilé-Ìwé", ìyẹn kéré lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kun òmíràn, "Baba Ìmọ̀", lẹ́tà pupa lórí funfun. Nígbà tí ìyẹn náà sú u, ó gbé "Baba Ìmọ̀ Àgbáyé" kọ́, pátákó ràbàtà tó rọ̀ sísàlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tẹríba. Inú rẹ̀ a sì máa dùn. Ó gbà pé òun ni wọ́n ń kí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, lẹ́tà dé. Alábẹ̀wò àwọn ilé-ìwé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún yóò fi ogún pépà àti gọ́ọ̀mù nìkan kọ́ afárá kékeré, wọn yóò sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rò ó àti bí wọ́n ṣe dán an wò. Ọ̀gá tí ilé-ìwé rẹ̀ bá ṣe dáadáa jù ni yóò di alábòójútó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ìlú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Baba Ìmọ̀ ka gbólóhùn ìkẹyìn yìí. Ó ti ń ro ohun tí wọn yóò kọ sórí pátákó kẹrin.

Ó yára lọ sí kíláàsì karùn-ún. Gọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì, ó wà lára aṣọ, ó wà nínú irun. Afárá kan tó wọ́ díẹ̀ dúró láàárín àga méjì. Ó kọjú sí tíṣà wọn, tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí.

"Tíṣà, kí nìyí?"

"Afárá wa kẹrin ni, sà. Mẹ́ta ti wó."

"Ó wó, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín?"

Ọmọbìnrin kan na ìwé rẹ̀ sí i. Kí-Ló-Fà-Á ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é, torí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹ̀. "A ti mọ ohun tó wó wọn, sà. Àǹtí ní ká kọ ohun tá a rí, ká má kọ ohun tó wù wá. Èyí á gbé ìwé méje. Tá a bá fi ẹ̀kẹjọ sí i, á wó."

"Ìwé méje," ni Baba Ìmọ̀ wí, ó sì yínmú. "Ìwé méje lẹ fẹ́ fi dójú tì mí."

Ó ní kí wọ́n ju afárá náà sí sítọ́ọ̀, ó gba ọ̀dọ̀ káfíńtà lọ.

"Fi pákó ṣe é, kó o wá lẹ pépà bò ó. Má ra pákó o. Pátákó mi àtijọ́ rèé."

"Èyí tí wọ́n kọ nǹkan sí yìí, sà?"

"Ta ló máa rí i?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn òbí kún kíláàsì fọ́fọ́. Baba Ìmọ̀ wọ kóòtù, òógùn ń wẹ̀ ẹ́. Ó to ọgbọ̀n ìwé sórí afárá funfun kan. Kò mì. Ó kó wọn kúrò, ó gun orí ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ku díẹ̀ kó jó.

Alábẹ̀wò, màmá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kọjú sáwọn ọmọ. "Ìbéèrè wo lẹ ní?"

"Wọn ò ní ìbéèrè mọ́, mà," ni Baba Ìmọ̀ já lu ọ̀rọ̀. "Mo ti dáhùn gbogbo rẹ̀."

Kí-Ló-Fà-Á nawọ́ sókè. "Kí ló fà á tó fi wúwo báyìí?"

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti gbé òṣùwọ̀n kíláàsì wá, igi gígùn kan tí wọ́n so okùn mọ́ láàárín. Wọ́n so ogún pépà mọ́ apá kan, wọ́n so afárá mọ́ ìkejì. Afárá já wálẹ̀ gbì.

"Gọ́ọ̀mù ló wúwo," ni Baba Ìmọ̀ yára wí.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò, sà," ni Kí-Ló-Fà-Á wí. "Omi máa ń yọ gọ́ọ̀mù."

"Mà, àkókò ti lọ."

"Mo ṣì ní àkókò," ni alábẹ̀wò wí. "Ẹ bu omi wá."

Wọ́n bu omi dé, wọ́n dà á sórí afárá. Káfíńtà, tí ọmọ tiẹ̀ náà wà ní kíláàsì, ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Pépà rọ̀, ó ń bó. Pákó yọjú, lẹ́tà pupa tẹ̀ lé e. Baba kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún ìyàwó rẹ̀ tó gbàgbé awò ojú sílé.

"Ba... ba... Ì... mọ̀."

Ẹ̀rín sọ. Baba Ìmọ̀ ò mọ ibi tí yóò fojú sí.

Alábẹ̀wò béèrè afárá tó wà ní sítọ́ọ̀. Wọ́n to ìwé lé e títí ó fi pé méje, ó dúró. Wọ́n fi ẹ̀kẹjọ sí i, ó wó, àwọn ọmọ sì hó yèè. Màmá náà yọ bírò, ó fa ìlà gbọọrọ lé orúkọ ọ̀gá lórí ìwé rẹ̀, ó wá bi tíṣà ní orúkọ tirẹ̀.

Baba Ìmọ̀ rí i tí Kí-Ló-Fà-Á ń da ọ̀rọ̀ pupa ara pákó yẹn kọ sínú ìwé rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí i létí. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má kọ ìyẹn."

"Ohun tá a rí ni, sà. Àǹtí ní ká má kọ ohun tó wù wá."

Ó gba ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò sídìí fún un láti tún tẹríba lábẹ́ pátákó. Orí rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ láti kíláàsì.